Mo sanwó odindi Halloween, wọ́n ní àwọn kì í ka apá kẹta mọ́ ọn

Inú ṣì ń bí mi díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ fara dà á fún mi.

Ilé ìtajà àlòkù kan wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí tí wọ́n ti ń ta fíìmù, rẹ́kọ́ọ̀dù àti káàdì bọ́ọ̀lù. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti ra odindi ọ̀wọ́ fíìmù abanilẹ́rù Halloween, DVD mẹ́wàá nínú páálí kan, láti ti 1978 títí dé ti 2009. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sára páálí pé ó pé pérépéré. Ogójì pọ́n-ùn. Mo délé, mo tú wọn sórí tábìlì, mo ń tò wọ́n: apá kìíní, apá kejì, apá kẹrin. Mo tún wọn tò. Kò sí apá kẹta. Kí páálí má bàa máa mì kí n wá fura, wọ́n ti ká ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé àwo, wọ́n gé e ní ìwọ̀n DVD kan gẹ́lẹ́, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì í létí méjèèjì, wọ́n sì kì í bọ àyè apá kẹta. Ẹni tó ṣe é fara balẹ̀ ṣe é.

Kí n tó dé orí ohun tójú mi rí ní káńtà wọn, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi ń kó gbogbo ẹ̀ jọ. Nílé wa, bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, àríyànjiyàn kan náà ni: nínú àwọn fíìmù abanilẹ́rù òyìnbó tó ní apá rẹpẹtẹ yìí, èwo ni ọ̀gá? Ìyàwó mi ní Chucky ni, ọmọlangidi tó ń pa èèyàn, torí ó fẹ́ràn ẹ̀rín. Àbúrò ìyàwó mi ní Jason ni, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè sọ fún un. Mo ti bi í láìmọye ìgbà pé irú ọ̀gá wo nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé nínú Friday the 13th àkọ́kọ́, ti ọdún 1980, ìyá ẹ̀ ló ń pa èèyàn, tí òun fúnra ẹ̀ ò sì rí máàsìkì họ́kì tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n dé ojú títí di apá kẹta ní 1982. Freddy inú A Nightmare on Elm Street ní tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní 1984. Ojú oorun ló ti ń pa èèyàn, ta ló sì lè sọ pé òun ò ní sùn? Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tó fi máa dé apá kẹrin, ó ti di aláwàdà.

Michael, apààyàn inú Halloween, ni tèmi. Àwa tí Ìṣáwúrú inú Agbára Ńlá ti lé wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rí ní kékeré, apààyàn tó ń pariwo ò lè bà wá lẹ́rù mọ́. Michael kì í sọ̀rọ̀. Kì í sáré. Ó dúró láàárín aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́yìnkùlé, ó gbójú sókè wo Laurie, ọmọbìnrin tó ń dọdẹ, lójú fèrèsé. Kí ẹ tó mọ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìtàn ẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe é ló wù mí jù. Owó apá kìíní ò ju nǹkan bíi 325,000 dọ́là lọ. Ojú Captain Kirk inú Star Trek ni máàsìkì Michael. Owó tí ò pé dọ́là méjì ni wọ́n fi rà á, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n fẹ ihò ojú ẹ̀. Ìgbà tí igi ń rúwé ní California ni wọ́n ya fíìmù náà, bẹ́ẹ̀ ìtàn oṣù kẹwàá ni, torí náà wọ́n ń kun ewé kó lè dà bí èyí tó ti gbẹ, wọ́n ń dà á sílẹ̀, tí wọ́n bá yà á tán wọ́n á gbá a jọ, wọ́n á kó o lọ síbòmíì. John Carpenter tó darí ẹ̀ ló tún ṣe orin ẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù Yorùbá rí á mọ irú ọgbọ́n yẹn.

Ta ló wá kówó sílẹ̀? Moustapha Akkad, ọmọ Síríà tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Òun náà ló darí The Message, fíìmù ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó jáde ní 1976, tí Anthony Quinn ti ṣe Hamza. Nílé bàbá mi n'Íbàdàn, Iléyá kan ò lè kọjá ká má gbé kásẹ́ẹ̀tì yẹn sí i. Ọkùnrin kan náà ló lọ́wọ́ nínú Halloween láti apá kìíní títí dé ìkẹjọ, kó tó di pé bọ́ǹbù pa òun àti ọmọbìnrin ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Amman ní 2005. Ìyá mi ò tíì gbà mí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó dáa, ká lọ sí káńtà.

Ọmọ Yorùbá ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀. Mo gbé páálí kalẹ̀, mo yọ ọ̀rá náà, mo gbé e síwájú ẹ̀.

"Àbúrò, kí lèyí?"

Ó wò ó. Ó wẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. A kì í ka apá kẹta yẹn mọ́ ọn ni."

"Ẹ kì í kà á mọ́ ọn bíi ti báwo?"

"Michael ò sí nínú ẹ̀. Ọ̀gá ló ní ká máa yọ ọ́. Àwọn tó ń rà á máa ń dá a padà, wọ́n á ní a fún àwọn ní fíìmù ẹlòmíì."

Ìyẹn ì bá tiẹ̀ yé mi. Àfi bí mo ṣe gbójú sókè. Apá kẹta ọ̀hún, Season of the Witch, ló wà lórí pẹpẹ lókè orí ẹ̀, wọ́n kọjú ẹ̀ síta, wọ́n lẹ iye mọ́ ọn: pọ́n-ùn méjìlá. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Mẹ́wàá ní ogójì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́rin. Èyí tí wọn ò kà yìí ló wá di méjìlá. Wọn kì í kà á mọ́ ọn nínú páálí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ owó ẹ̀ kà dáadáa lórí pẹpẹ!

Mo pariwo, mi ò ní purọ́. Mo ní kó pe ọ̀gá ẹ̀.

Ọ̀gá náà jáde láti ẹ̀yìn, òyìnbó àgbàlagbà kan, ife tíì lọ́wọ́ ẹ̀. Kò kí mi. Ó bèèrè rìsíìtì, mo fún un, ó ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìpíngún. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni "Halloween, páálí kan", kò sí iye fíìmù níbẹ̀. Mo nawọ́ sí bírò pupa tó wà lára páálí. Ó ní ìyẹn kì í ṣe rìsíìtì. Ó mu tíì. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù, pé ẹni tó bá fẹ́ràn Michael lóòótọ́ ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn.

Ọ̀rọ̀ kúrò lórí owó níbẹ̀. Mo bi í pé ta ló darí apá kẹta. Kò dáhùn. Mo ní Tommy Lee Wallace ni. Ta ló wá lọ ra máàsìkì Captain Kirk ní 1978, tó kùn ún tó fi di ojú Michael? Tommy Lee Wallace kan náà! Ẹni tó fún Michael lójú lẹ ní iṣẹ́ ẹ̀ ò sí lára ẹ̀? Carpenter àti Debra Hill tí wọ́n jọ kọ apá kìíní ló gbé ìkẹta náà jáde. Nancy Kyes tó ṣe Annie, èyí tí Michael pa sínú mọ́tò, òun ló ṣe ìyàwó tí dókítà ti kọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, fíìmù Michael fúnra ẹ̀ wà nínú ẹ̀, wọ́n ń polówó ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nínú ilé ọtí.

Àbúrò yẹn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gbé ife kalẹ̀, ó sì wojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ilé ọtí wo?"

Ó na ọwọ́ mú DVD náà lórí pẹpẹ, ó kì í bọ ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ káńtà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, a ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí eruku ti bò. Obìnrin kan tó fẹ́ ra rẹ́kọ́ọ̀dù dúró títí, nígbà tó yá òun náà sún mọ́ wa, ó ń bá wa wò ó. Ilé ọtí dé. Ìpolówó náà dé. Ọ̀gá náà mi orí. Ó yọ díìsìkì, ó fi inú aṣọ ẹ̀ nu ún, ó dá a padà sínú ìdì ẹ̀, ó kì í bọ àyè ẹ̀ nínú páálí mi, ó wá ju ọ̀rá sínú garawa ìdọ̀tí.

"Pọ́n-ùn márùn-ún," ni ó wí.

Mo san án. Ẹ má bi mí léèrè.

Àbúrò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò ó lẹ́sẹẹsẹ o, orí yín á dàrú." Ó ní lẹ́yìn apá kìíní àti ìkejì, ọ̀nà pín. Tí mo bá fẹ́ ìtàn Jamie, ọmọ Laurie, kí n gba ìkẹrin lọ dé ìkẹfà. Tí Laurie ni mo fẹ́, kí n fo gbogbo ìyẹn bọ́ sórí H20, ìkeje, ti 1998. Tí n bá fẹ́ ti 2018, tó jáde lẹ́yìn àwọn tó wà nínú páálí mi, kí n ṣe bí ẹni pé apá kìíní nìkan ló wáyé láyé yìí. Kò sí olùtajà tó ṣe irú ẹ̀ fún mi rí. Ó tún kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì mi.

Mo kọ́kọ́ wo ìkẹta. Lórí fídíò tó ti gbó ni mo ti wò ó nígbà kan n'Íbàdàn, tí àwòrán ń fò sókè fò sódò. Báyìí tó mọ́lẹ̀ kedere, ó bà mí lẹ́rù ju ìyókù lọ. Ọkùnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ ń ṣe máàsìkì fún àwọn ọmọdé, ó fi eérún òkúta Stonehenge sínú ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dé e síwájú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọdún Halloween. Àwọn òyìnbó bú ẹ̀ nígbà tó jáde ní 1982, wọ́n ní báwo lòkúta ṣe máa lágbára bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ bi ọmọ Yorùbá ní ìbéèrè yẹn? Nígbà tí ọmọ kékeré yẹn ṣubú síwájú ìyá àti bàbá ẹ̀, tí kòkòrò àti ejò ń jáde lábẹ́ máàsìkì, mo dá a dúró, mo lọ mu omi. Carpenter àti Hill fẹ́ kó jẹ́ ìtàn tuntun ni wọ́n á máa gbé jáde lábẹ́ orúkọ yẹn. Àwọn òǹwòran kọ̀, àfi Michael, ni wọ́n fi gbé e padà wá ní 1988.

Ìyókù, kíákíá. Ìkẹrin dára, ọmọdé tó ṣe Jamie, Danielle Harris, mọ̀ ọ́n ṣe ju àgbà lọ. Ìkarùn-ún, ìkánjú ni. Ìkẹfà ní ẹgbẹ́ awo kan ló wà lẹ́yìn Michael, ẹ̀rù ẹ̀ sì tán lójú mi lọ́jọ́ náà, Donald Pleasence tó ṣe dókítà ẹ̀ sì ti kú kí fíìmù náà tó jáde ní 1995. H20 dùn. Resurrection, ìkẹjọ, ti 2002 pa Laurie ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, gbogbo wa la mọ̀ pé àkítọ̀ kì í kú! Busta Rhymes wá ń ta Michael nípàá níbẹ̀. Méjì tí Rob Zombie ṣe ń ṣàlàyé bí ìyà ṣe jẹ Michael ní kékeré, mi ò bèèrè.

Halloween: ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún, òun ni ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́rin péré ni mo lè tún wò nínú mẹ́wàá.

Ilé ìtajà: mẹ́rin nínú márùn-ún. Mẹ́ta jẹ́ ti àbúrò yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀gá ẹ̀, torí pé ó bèèrè ilé ọtí wo.