Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú ọ̀bẹ bírò: fèrèsé àti ilẹ̀kùn ilé páálí

Fèrèsé ló máa ń dójú ti ẹni tó bá fi páálí kọ́ ilé kékeré tó jọ ti gidi. Ògiri lè gún, òrùlé lè jókòó dáadáa, ṣùgbọ́n bí igun fèrèsé kan bá ya, tàbí tí etí rẹ̀ hu irun, ibẹ̀ lojú gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bà sí.

Ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ni èmi ń kọ́. Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ ni ilé wọn kan tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, tó wà ní Tinubu Square, tí ìjọba ti sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956, tí wọ́n sì wó palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni pé mítà 1 lára ilé gidi di mílímítà 20 lórí páálí. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2.1 á wá di mílímítà 42, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú fèrèsé á di mílímítà 1 péré. Ẹ wo ohun tí ọ̀bẹ fẹ́ gbà kọjá.

Tẹ́lẹ̀, abẹ ìfárí ni mo fi ń gé e, mo á fi tápù wé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Abẹ náà máa ń tẹ̀ lọ́wọ́ mi, ìlà á sì wọ́. Mo lo ọ̀bẹ onípélébé tí a ń ṣẹ́ lórí, èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 18, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ki jù: kí ó tó gé páálí, á ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wọnú. Nígbà tó yá ni mo lọ sí Ṣómólú, láàárín àwọn atẹ̀wé, mo ra àkójọ kan ní ₦9,000: ọ̀bẹ kan tó rí bíi bírò, abẹ nọ́ńbà 11 mẹ́wàá, àti mátì ìgé aláwọ̀ ewé tó tóbi tó bébà A4.

Bí mo ṣe mú ọ̀bẹ yìí lọ́wọ́, mo rí ìyàtọ̀. Ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, nítorí náà ẹ ó máa rí ìlà tí ẹ ń gé bí ẹ ṣe ń gé e lọ. Lórí páálí tó nípọn ní mílímítà 1, mo máa ń fà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gé e já lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ba igun jẹ́.

Ọ̀rọ̀ igun yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mo máa ń fi ẹnu abẹ gún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó yọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, mo á bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, mo á gé e dé àárín, mo á yí páálí padà, mo á tún bẹ̀rẹ̀ láti igun kejì wá pàdé rẹ̀. Abẹ kò ní kọjá igun láéláé. Bí ó bá ku díẹ̀ tí kò já, mo á dojú páálí délẹ̀, mo á parí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, nítorí ihò tí mo gún á ti fi ojú ibẹ̀ hàn mí. Rúlà irin gbọ́dọ̀ bo apá ògiri tí a fẹ́ fi sílẹ̀, kí abẹ tó bá yọ̀ lè yọ̀ sínú èyí tí a fẹ́ sọnù. Kí ẹ sì gé gbogbo fèrèsé tán kí ẹ tó yọ ògiri kúrò lára odindi páálí. Fún igi mílímítà 1 yẹn, mo máa ń kán súpà gúlù díẹ̀ sójú ìlà, kí ó gbẹ kí n tó gé e. Kì í hu irun mọ́.

Fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè le jù. Ọwọ́ tó di ọ̀bẹ mú kì í kúrò lójú kan, páálí ni mo ń yí lábẹ́ rẹ̀. Mo á wá fi sáńpépà wé bírò, mo á fi ra ibi tó tẹ̀ náà. Ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì rọrùn: mo á gé àárín, òkè àti ìsàlẹ̀, mo á fa abẹ dé ìdajì ìnípọn páálí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìta, ilẹ̀kùn á sì ṣí sínú bí ti gidi.

Èyí tí kò dára ńkọ́? Abẹ tó bá a wá kò pẹ́. Fèrèsé kejì ni ẹnu àkọ́kọ́ kán. Nígbà òjò oṣù kẹfà, àwọn tó kù ti dípẹtà nínú àpò wọn. Ibi tí a ti ń fún abẹ mọ́ ọ̀bẹ máa ń dẹ̀ bí a bá ti ń lò ó; lọ́jọ́ kan abẹ yí lọ́wọ́ mi, ó gé mi ní àtàǹpàkò. Ọ̀bẹ náà tún rí róbótó, ó máa ń yí ṣubú lórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Mo ní ọmọ kékeré nílé, mi ò lè gba ìyẹn. Mo ti fi rọ́bà wé ìdí rẹ̀ báyìí, abẹ tó bá kú ń lọ sínú agolo mílíìkì tí mo dè lẹ́nu.

Mátì ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ, kò sí ojú ibi tó ti gbó. Ẹ kàn má fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, á ká. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ra A3: iwájú ilé tó fẹ̀ ní mítà 15 á di mílímítà 300, A4 kò sì ju 297 lọ.

Nígbà tí abẹ yẹn tán, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé ìwòsàn, mo ra abẹ oníṣẹ́ abẹ nọ́ńbà 11 àti ọwọ́ tí a ń fi dì í mú, nọ́ńbà 3. Bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ jọra, abẹ yìí kò lè wọ ọ̀bẹ bírò, nítorí náà ẹ ra abẹ àti ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹ má sì gba nọ́ńbà 22, ẹnu tirẹ̀ tẹ̀, kò lè wọ igun, ọwọ́ nọ́ńbà 4 ló sì ń lò. Nọ́ńbà 11 yìí mú ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, inú ọ̀rá tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í yí. Ó fẹ́lẹ́ ṣá o. Bí páálí bá ti kọjá mílímítà 2, á máa tẹ̀.

Páálí kóńfúléèkì tó fẹ́lẹ́ ni mo ń fi ọ̀bẹ bírò gé báyìí. Fún ògiri Ilojo Bar tó wà lórí tábìlì mi, ọwọ́ nọ́ńbà 3 ni. Ó ku ilẹ̀kùn méjì.