D ti di E, Cygwin ò ṣí mọ́: èwo ni kẹ́ ẹ ṣe?

Cygwin ni ètò tó ń jẹ́ kéèyàn lo irú àṣẹ Linux lórí Windows. Bó bá wà lórí díráìfù D, tí Windows wá sọ lẹ́tà díráìfù náà di E, ó lè má ṣí mọ́. Àwọn tó ń gbé láptọ́ọ̀pù wá tún ṣe l'Ọ́ṣogbo kì í yé béèrè: ṣé kí n dá lẹ́tà àtijọ́ padà ni, àbí kí n gba E bẹ́ẹ̀?

Dídá D padà ò jẹ dátà rárá. Ẹ ṣí Disk Management nínú Windows, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ díráìfù náà, ẹ tẹ Change Drive Letter and Paths, kẹ́ ẹ yan D. Kíá ni ṣọ́tíkọ́ọ̀tì àti gbogbo ojú ọ̀nà /cygdrive/d (orúkọ tí Cygwin ń pe díráìfù D) á tún máa ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí fíláàṣì bá ti gba D, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá sì ti tò (install) sórí E láàárín ìgbà yẹn lè dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan lẹ́tà C, torí ibẹ̀ ni Windows sábà máa ń wà.

Gbígba E ń fẹ́ sùúrù, kò fẹ́ títò tuntun bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Láti ẹ̀dà 1.7, ibi tí cygwin1.dll, fáìlì pàtàkì rẹ̀, bá wà ni Cygwin fi ń mọ ilé rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́tíkọ́ọ̀tì ṣe sí E:\cygwin64, kẹ́ ẹ fi grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá /cygdrive/d nínú .bashrc (fáìlì ètò Bash yín) àti nínú àwọn fáìlì àṣẹ (script) yín, kẹ́ ẹ sì yí i sí /cygdrive/e. Ibi tó ń gba àkókò nìyẹn.

Bí díráìfù bá wà nínú láptọ́ọ̀pù, tí D sì ṣófo, ẹ dá a padà. Bó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ ń gbé láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, E ni kẹ́ ẹ gbà.