Ìfètòsọ́mọbíbí lẹ́yìn ìbímọ: èwo ló bá ojú ara ìyálọ́mọ mu?

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ mọ̀ pé ojú ara ti yí padà kí oògùn kankan tó wọ ara yín. Nínú oyún, estrogen, ìyẹn hòmóònù obìnrin, pọ̀ lára, ó sì ń ṣàǹfààní fún bakitéríà rere tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus. Àwọn ló ń mú kí omi ojú ara máa kan díẹ̀, tí kòkòrò burúkú kì í fi í ráyè jókòó. Bí ibi ọmọ bá ti jáde, estrogen á já wálẹ̀, bakitéríà rere náà á sì dínkù, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmú tí ẹ ń fún ọmọ náà kì í jẹ́ kí estrogen tètè padà. Nítorí náà, bí ojú ara bá gbẹ, ẹ má tètè di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí.

Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta àti ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá: progestin, hòmóònù mìíràn tó ń dènà oyún, nìkan ló wà nínú méjèèjì. Àmọ́ abẹ́rẹ́ máa ń tẹ estrogen rì ju ti apá lọ. Bí wọ́n bá sì ti gún un tán, kò ṣeé yọ mọ́. Ti apá ń lo ọdún 3 tàbí 5, wọ́n sì lè yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá sú yín. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ lè máa kán lára àwọn kan lóòrèkóòrè, ẹ̀jẹ̀ sì ń ba kíkan ojú ara jẹ́. Fún ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí abẹ́rẹ́ dúró di ọ̀sẹ̀ 6; ti apá kò nílò ìdúró. Ní tèmi, ti apá ni mo máa kọ́kọ́ dábàá.

Oògùn oníhóró tó ní estrogen kì í fi bẹ́ẹ̀ ba bakitéríà rere jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìyálọ́mọ tuntun, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Ẹni tí kò fún ọmọ lọ́yàn á dúró fún ọ̀sẹ̀ 3, ó kéré tán. Ẹni tó ń fún un lọ́yàn, oṣù 6 ló dára. Èyí tó jẹ́ progestin nìkan ṣeé bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lúùpù, ohun kékeré tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, ni kí ẹ rò dáadáa. Oníbàbà kò ní hòmóònù rárá, ó sì lè lo ọdún 10, àmọ́ ó máa ń mú kí nǹkan oṣù pọ̀. Ìwádìí sì fi hàn pé BV, ìyẹn àrùn tó ń mú omi eléérú olóòórùn ẹja jáde, wọ́pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lò ó. Olóhòmóònù ní tirẹ̀ ń dín ẹ̀jẹ̀ kù. Bí BV bá ti máa ń ṣe yín lọ ṣe yín bọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kó tó mú oníbàbà jáde.

Ẹ má ra ọṣẹ tàbí omi tí wọ́n ní kí ẹ fi fọ inú ojú ara. Ìwọ̀nba bakitéríà rere tó ṣẹ́ kù ló máa gbá lọ. Kò sì sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tó ń dènà àrùn ìbálòpọ̀, àfi kí ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un. Bí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ bá ń rùn, tí ibà sì dé sí i, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.