Ilé ìwòsàn ẹranko tá a gbé Bíngó lọ n'Ìbàdàn: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Ẹ kú ilé o. Bíngó wa, ọmọ ajá oṣù méjì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì lálẹ́ Sátidé, nígbà tó máa fi di àárọ̀ Sọ́ńdè ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé. Ẹni tó tà á fún wa búra pé ó ti gbabẹ́rẹ́, káàdì ńkọ́, kò sí. Ibi kan ṣoṣo la rí tó ṣílẹ̀kùn, dókítà kan péré ló sì wà níbẹ̀, a jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀, POS wọn tún kú, mo wá ń sáré kiri wá kéèṣì. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ nìyẹn.

Ìtọ́jú wọn ṣá, mi ò lè parọ́. Wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì, parvo ni, àrùn inú tó máa ń pa ọmọ ajá. Dókítà ò tàn wá, ó ní kò sóògùn tó ń pa á, omi lòun máa fà sí i lára, òun á gún un lábẹ́rẹ́ tó máa dá èébì dúró, ara ẹ̀ ló máa bá a jà tó kù. Ó ní ká fi hypo fọ gbogbo ibi tó sùn sí, ká má sì tíì ra ọmọ ajá mìíràn torí àrùn yẹn lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọmọ mi obìnrin, SS2, ló di ẹsẹ̀ Bíngó mú tí wọ́n fi rí iṣan ẹ̀. Èmi bàbá ti sá síta jàre. Ó wá ní, "Dókítà, ṣé torí ẹ fẹ́ràn ẹranko lẹ ṣe kàwé yìí?" Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o, ìbínú ni. Ó ní Newcastle, àrùn tó máa ń pa adìẹ, wọ oko adìẹ bàbá òun, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan oko ti dákẹ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ ò wọ́n rárá, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún bàbá òun ni. Ó bá lọ fi ọdún 6 kà á ní UI.

Látọjọ́ yẹn ọmọ yìí ò jẹ́ ká gbádùn. Ìyá ẹ̀ ní "dókítà ajá kẹ̀? Ṣé èèyàn ò ṣàìsàn mọ́ ni?" Àmọ́ Physics tó máa ń sá fún tẹ́lẹ̀, torí ó gbọ́ pé ó wà nínú JAMB wọn, ó ti ń kà á.

Ọjọ́ karùn-ún ni Bíngó tó jẹun. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé, ẹ mú kéèṣì dání.