Ẹ ṣọ́ra fún kápẹ́ẹ̀tì "Kazak àtijọ́" tí wọ́n ń tà ní Istanbul

Ẹ̀yin ará wa tó ń lọ rajà ní Istanbul, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bàpò. Lóṣù tó kọjá, mo ti ra ọjà mi tán ní Laleli, àdúgbò ọjà kan níbẹ̀, ni mo bá yà sí ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ẹ̀tì kan. Ọkùnrin náà gbé tíì fún mi, ó ń pè mí ní "abla", ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn. Orí mi wú. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa kan sílẹ̀, ó ní Kazak ni, irú kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń hun lágbègbè òkè Caucasus, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tọ́kì, pé ó ti lé ní ọdún 120. Ó fi ọdún tí wọ́n hun sára rẹ̀ hàn mí: 1320 lọ́nà kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí, ìyẹn nǹkan bí 1902. Dọ́là 800 ni mo kà sílẹ̀.

Mo délé ní Lọ́ńdọ̀nù, mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún kápẹ́ẹ̀tì ṣe. Bàbá ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀, ẹ̀yìn ló dà á kọ. Fọ́nrán gbọọrọ inú rẹ̀, èyí tó yọrí jáde di wajawaja, òwú ni. Ti Kazak àtijọ́, irun àgùntàn ni, fọ́nrán tí wọ́n fi dábùú rẹ̀ sì sábà máa ń pupa. Bàbá ya irun rẹ̀ sí méjì kí n rí kókó ìdí rẹ̀: fọ́nrán gbọọrọ kan péré ló lọ́ mọ́ yíká. Kókó ti Tọ́kì àti ti Caucasus máa ń gbá fọ́nrán méjì mọ́ra ni. (Torí náà, kókó nìkan ò lè ya àwọn méjèèjì yẹn sọ́tọ̀, àfi kẹ́ ẹ wo irú fọ́nrán àti àwọ̀ rẹ̀.) Ó ní Pakistan tàbí Afghanistan ni wọ́n ti hun tèmi. "Kazak" ti di orúkọ ọjà níbẹ̀, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo.

Ọdún ara rẹ̀ ńkọ́? Ahunṣọ lè hun ọdún tó bá wù ú. Wọ́n tiẹ̀ máa ń tú kókó díẹ̀ lára ojúlówó, kí 3 ti Lárúbáwá pàdánù eyín kan, kó di 2. 1320 á di 1220, ọgọ́rùn-ún ọdún á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó yẹ kó ti fu mí lára ni pé òfin Tọ́kì ò gbà kí ohun àtijọ́ jáde nílùú láìsí ìwé láti mùsíọ́mù. Ọkùnrin yìí ní tirẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ó sì ń dì í sínú báàgì mi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílíìkì Hereke (ìlú kan ní Tọ́kì tó lókìkí fún un), ẹ má gbọ́kàn lé orúkọ tí wọ́n hun sígun rẹ̀. Wọ́n ń hun ayédèrú rẹ̀ ní Ṣáínà. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kẹ́ ẹ ṣáná sí i. Iná ò lè sọ ìlú tó ti wá, àmọ́ sílíìkì á rùn bí irun tó jóná. Tó bá rùn bíi bébà, kì í ṣe sílíìkì gidi; ó lè jẹ́ òwú tí wọ́n mú kó máa dán.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní kí n ka rìsíìtì mi: "Kápẹ́ẹ̀tì kan, àfọwọ́hun." Gbogbo ohun tó kọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó kọ ìlú tó ti wá, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi hun ún síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá kọ̀, ẹ mu tíì yín tán, kẹ́ ẹ máa lọ.