Ìsìn ojúkojú àti ti orí fóònù lásìkò Kòrónà: bó ṣe rí ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Surulere

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí bóyá ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí dáa, mi ò ní dárúkọ wọn, àmọ́ mo ti jókòó nínú ẹ̀, mo sì ti wò ó nílé pẹ̀lú màmá mi, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Nígbà tí Gómìnà Sanwo-Olu ní kí ṣọ́ọ̀ṣì ṣílẹ̀kùn padà l'Ékòó ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 2020, òfin ìgbà yẹn ni pé èèyàn ò gbọdọ̀ ju ìlàjì iye tí ṣọ́ọ̀ṣì náà ń gbà lọ, kò sí ìṣọ́ òru, wọ́n sì rọ àwọn tó ti lé lẹ́ni ọdún 65 pé kí wọ́n ṣì máa jọ́sìn nílé. Àwọn ìyá ìjọ àti bàbá ìjọ tó mọ orin lórí nìyẹn o.

Ti inú ṣọ́ọ̀ṣì ò ní wàhálà. Nígbà yẹn, o máa forúkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ẹ, wàá fọwọ́ lẹ́nu géètì, úṣà á yẹ ìgbóná ara ẹ wò, tó ò bá ní ìbòmú o ò wọlé, ìbáà jẹ́ àgbà ìjọ ni ẹ́ tàbí ọmọdé. Ìsìn méjì ni, kúkurú, wọ́n á nu bẹ́ǹṣì láàárín méjèèjì.

Ti orí fóònù lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Nígbà kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, pásítọ̀ nìkan ló ń wàásù níwájú fóònù, ohùn wọn sì ń jáde ketekete torí fóònù ò jìnnà sẹ́nu wọn. Ìgbà táwọn èèyàn padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wàhálà dé, wọ́n gbé fóònù lọ sẹ́yìn pátápátá, fáànù, jẹnẹrétọ̀, ọmọ tó ń ké, gbogbo ẹ̀ ló ń gbé, ìwàásù wá ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Màmá mi á ní "kí ni wọ́n wí?", kí n tó sọ ọ́ tán èyí tó kàn ti kọjá lọ. A kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì gbọ́: wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n fà láti ara míksà tí gbogbo máìkì ń wọ̀, wọ́n tì í bọ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbé e sórí Facebook, ohùn mọ́ roro. Àmọ́ Àmín ìjọ ò wá jáde mọ́, torí kò sí máìkì lọ́dọ̀ wọn, pásítọ̀ á gbàdúrà tán, gbogbo ẹ̀ á pa lọ́lọ́ létí wa, àfìgbà tí wọ́n so máìkì kan kọ́ sókè láàárín ìjọ. Ẹni tí dátà ẹ̀ ò tó fún fídíò, wọ́n ń gbé ohùn nìkan sórí ìkànnì Mixlr, ìyẹn náà dáa gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ẹnì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó máa ka ohun táwọn ará ilé ń kọ, á da ẹ̀bẹ̀ àdúrà wọn kọ sínú ìwé, á gbé e fún pásítọ̀, wọ́n á sì dárúkọ wọn láti orí pẹpẹ. Ọjọ́ tí wọ́n pe orúkọ màmá mi, ńṣe ni wọ́n dìde dúró ní pálọ̀, wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Ibi tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kùnà nìyẹn, wọ́n á gbé kámẹ́rà kalẹ̀, wọ́n á gbàgbé pé ọmọ ìjọ ló wà lódìkejì ẹ̀, kì í ṣe òǹwòran.

Ẹ̀kọ́ Bíbélì orí Zoom ló ṣì kù díẹ̀ káàtó. Ti ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń lò, tó bá ti di ìṣẹ́jú 40 á gé, àwọn àgbà tí ọmọ wọn ò sí nítòsí kì í lè padà wọlé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, ẹ sanwó ẹ̀, ìjọ á dá a.

Ẹni tó bá fẹ́ wá lójúkojú nígbà yẹn gbọ́dọ̀ tètè gba nọ́ńbà láàárín ọ̀sẹ̀, torí àyè ìsìn àkọ́kọ́ máa ń tètè kún.