Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí mo fi rọ́pò I-pass mi

Aṣọ ni mò ń rán ní Òṣogbo. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lo I-pass-my-neighbour. Ó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti fáànù, àmọ́ kò lè gbé áyọ́ọ̀nù. Ọjọ́ tó kú, ọmọ iṣẹ́ mi ló bu epo sí i láì po ọ́ìlì mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì two-stroke ni I-pass, kò ní ibi tí à ń bu ọ́ìlì sí lọ́tọ̀; inú epo náà ni ọ́ìlì ti ń dé ara písítìnì. Epo lásán ló mu, písítìnì gbóná, ó lẹ̀ mọ́ sílíńdà, ó nọ́ọ̀kì. Mi ò bá ọmọ náà wí. Èmi ni mi ò là á yé e.

Jẹnẹrétọ̀ oní-four-stroke, 2.5 kVA, ni mo wá rà. Mo gbé e délé, mo fa okùn títí èjìká fi ń ro mí, kò tan. Ẹni tó tà á kò sọ fún mi pé kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀! Ohun kan wà nínú ẹ́ńjìnnì náà tí kì í jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì ṣáná bí ọ́ìlì bá ti kéré jù. Tìtorí èyí nìkan, owó mi kò ṣòfò.

Mẹkáníìkì mi tú I-pass tó kú kí n lè rí ìyàtọ̀. Kò sí fáàfù nínú rẹ̀. Ihò ló wà lára sílíńdà, písítìnì fúnra rẹ̀ ló ń dí i, tó sì ń ṣí i bó ṣe ń lọ sókè sódò, gbogbo ìgbà tó bá sì dé òkè ni epo ń jó. Tuntun yìí ń fa epo àti atẹ́gùn wọlé, á fún un pọ̀, á jó o, á wá tú èéfín jáde, ìyẹn ni pé ó ń yí po lẹ́ẹ̀mejì kí epo tó jó lẹ́ẹ̀kan. Àwọn méjèèjì ń yí po nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ìgbà 1,500 péré ni tuntun yìí ń jó epo. Ohùn rẹ̀ kì í ha létí. Aṣọ oníbàárà mi kò sì rùn ọ́ìlì jíjó mọ́, inú mi dùn sí ìyẹn ju áyọ́ọ̀nù tó ń gbé lọ.

Ó wúwo, èèyàn méjì ló ń gbé e jáde. Ọ́ìlì àkọ́kọ́, lẹ́yìn tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20 ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wákàtí 100-100. Bí mo ṣe ń tàn án fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Bó bá jẹ́ gílóòbù àti fáànù nìkan lẹ fẹ́ tàn, I-pass tó yín. Ẹ ṣáà kọ ọ́ gàdàgbà sára kẹ́ẹ̀gì pé ọ́ìlì ti wà nínú rẹ̀.